Splinter Cell: Chaos Theory: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí, àti èsì tí mo máa ń fún wọn

Irú géèmù wo ni èyí gan-an?

Géèmù amí ni. Sam Fisher ni orúkọ rẹ níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ti ń hewú, tó ń ṣiṣẹ́ fún Third Echelon, ẹ̀ka abẹ́lẹ̀ tí ìtàn náà fi sábẹ́ àjọ NSA ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n á rán an síbi tí wọn ò ti fẹ́ rí i, á wọlé, á mú ohun tó wá mú, á sì jáde láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹnì kan wá. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, àmọ́ bí o bá sọ ọ́ di géèmù ìbọn, ọta á tètè tán, ẹ̀mí rẹ náà á sì tẹ̀ lé e.

Ubisoft ló gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 2005. Òun ni ìkẹta nínú ọ̀wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, Pandora Tomorrow ti 2004 ló ṣáájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ wọn ní Montreal ló léwájú nínú apá tí èèyàn ń dá ta, àwọn ti ìlú Annecy ní ilẹ̀ Faransé ló sì ṣe èyí tí amí ti ń kojú jagunjagun. Mo dárúkọ wọn torí pé ó hàn nínú iṣẹ́ náà: ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló mọ ọ́n, bíi géèmù méjì nínú àpò kan ló sì rí.

Ṣé dandan ni kí n ti ta àwọn tó ṣáájú?

Rárá. Ìtàn rẹ̀ dá dúró. Lambert ni ọ̀gá tó ń bá Fisher sọ̀rọ̀ létí, Grim ló mọ kọ̀ǹpútà. Kí o tó parí míṣọ̀n àkọ́kọ́, wàá ti mọ ohùn àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà mélòó ni mo lè gbà ta á?

Mẹ́ta ni. Èyí tí wàá dá ta ní míṣọ̀n 10, láti etíkun Peru títí dé Tokyo. Co-op ni èyí tí ẹni méjì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Versus wá ni amí méjì sí jagunjagun méjì, èèyàn gidi sì ni gbogbo wọn.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ti mọ Versus torí pé òun mọ ti àdáta. Mo ti parí gbogbo míṣọ̀n náà lórí Expert, ìyẹn èyí tó le jù, kí n tó lọ wọ Versus, orí mi sì wú bíi ti ẹni tí wọ́n fi joyè. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti pa mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ṣọ́ inú géèmù ń rìn lójú ọ̀nà kan náà, á lọ, á bọ̀, á dúró níbi tó máa ń dúró. Èèyàn lè ṣàdédé yíjú padà láìrí nǹkan kan, kó kàn jẹ́ pé ara rẹ̀ ló sọ fún un. Gbogbo ohun tí mo kọ́ nípa kíka ìṣísẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ò wúlò fún mi lọ́jọ́ náà.

Kí ni àwọn ìlà méjì tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú ìwòran?

Ibẹ̀ gan-an ni géèmù yìí wà. Ọ̀kan ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ara rẹ ṣe pọ̀ tó. Bó bá ti lọ sílẹ̀ dé òpin, ẹ̀ṣọ́ lè kọjá níwájú rẹ pẹ́kípẹ́kí kó má rí ọ, àfi bó bá fara kàn ọ́ tàbí bó bá tan tọ́ọ̀ṣì.

Ìlà kejì jẹ́ ti ariwo, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò dáadáa. Ó ń sọ ariwo tí ìwọ ń pa, àmọ́ àmì kan tún wà lórí rẹ̀ tó ń sọ ariwo tó ti wà níbẹ̀ kí o tó dé. Ariwo tìrẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá àmì yẹn. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìrìn jẹ́jẹ́ ló dára, sáré ló burú. Ibi tí o wà ló máa sọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń lọ gbòlògbòlò, o lè rìn bí ẹni tó ń lọ sí òde. Nínú ọ́fíìsì tó pa rọ́rọ́, ìṣísẹ̀ kan péré tó wúwo ti tó kí ẹ̀ṣọ́ béèrè pé, "Ta nìyẹn?"

Dán an wò ní míṣọ̀n àkọ́kọ́, ilé iná etíkun ní Peru, níbi tí wọ́n ti rán ọ lọ wá Bruce Morgenholt, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó mọ ètò kọ̀ǹpútà, tí wọ́n jí gbé. Níta níbẹ̀, níbi tí ojú ọjọ́ ti bàjẹ́ tí òkun sì ń pariwo, dúró kí o wo àmì yẹn. Lẹ́yìn náà wọ inú ihò àpáta tàbí inú ilé, kí o tún wò ó. Á ti já wálẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà tí ẹnì kankan ò gbọ́ níta ti di ìlù nínú ilé.

Lórí kọ̀ǹpútà, kẹ̀kẹ́ tó wà láàárín máòsì lo fi ń dín ìrìn kù tàbí fi kún un. Fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá nígbà tí o bá ń lọ bá èèyàn láti ẹ̀yìn. Ẹni tó ń lo páàdì á kàn tẹ ọ̀pá náà síwájú díẹ̀, àmọ́ àtàǹpàkò tó bá ń gbọ̀n á fi ọ́ hàn.

Àláàmù dún! Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn tó ṣáájú, àláàmù mélòó kan lè fòpin sí míṣọ̀n. Èyí ti yí i padà. Àwọn tó ṣe é tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní míṣọ̀n àkọ́kọ́: Fisher bi Lambert bóyá àláàmù mẹ́ta ló máa fòpin sí iṣẹ́ náà, Lambert sì dá a lóhùn pé rárá, èyí kì í ṣe géèmù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo dá eré náà dúró kí n lè rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ kì í ṣe pé àláàmù kò ní ìyà. Bó bá ṣe ń dún sí i ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń múra sí i: wọ́n á wọ ẹ̀wù ayẹta, wọ́n á dé akoto, ojú wọn á là. Máàkì rẹ náà á lọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí àláàmù bá dún, kúrò níbẹ̀, wá ibi tó ṣókùnkùn, jókòó. Má yìnbọn. Ó máa rẹ àwọn tó ń wá ọ, wọ́n á padà síbi iṣẹ́ wọn. Ìṣẹ́jú méjì tí o fi jókòó yẹn máa ń pẹ́ lójú ẹni, mo mọ̀, àmọ́ ó sàn ju kí o máa sá kiri láti yàrá dé yàrá.

Orin rẹ̀ náà ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Amon Tobin ló ṣe é, ó sì ń yí padà bí nǹkan bá ṣe ń gbóná: bí wọ́n bá fura, ìlù á wọlé, bí wọ́n bá rí ọ, á bú jáde. Bí o bá gbọ́ pé orin ti rọlẹ̀, ọkàn wọn ti balẹ̀ nìyẹn. Má pa orin náà.

Ṣé kí n máa pa ẹ̀ṣọ́ ni, àbí kí n kàn lù wọ́n dákú?

Ọwọ́ rẹ ló wà. Fisher ní ọ̀bẹ, ó sì ní ìgúnpá, àwọn méjèèjì ò sì pariwo ju ara wọn lọ. Àmọ́ bí míṣọ̀n bá parí, wọ́n á fún ọ ní máàkì nínú 100, pípa èèyàn láìnídìí sì máa ń jẹ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àláàmù àti òkú tí wọ́n bá rí náà ṣe ń jẹ nínú rẹ̀.

Ìṣòro ẹni tó dákú ni pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a nílẹ̀ kó jí i. Nítorí náà iṣẹ́ kò parí nígbà tó ṣubú. Gbé e, kí o lọ tẹ́ ẹ sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn. Mo ti rí àwọn tó lu ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin dákú nínú ìmọ́lẹ̀ kedere, tó wá ń yà wọ́n lẹ́nu pé àláàmù dún.

Ohun kan tún wà tí èèyàn fi ń pàdánù nínú pípa àti lílù: ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Gbá ẹ̀ṣọ́ mú lọ́rùn kí o sì bi í ní ìbéèrè kó tó sùn. Àwọn kan á sọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ, àwọn kan á kàn máa ráhùn nípa iṣẹ́ wọn. Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín jù nínú géèmù yìí wà lẹ́nu àwọn tí ọ̀bẹ wà lọ́rùn wọn. Michael Ironside ló ń fọhùn fún Fisher, kò sì sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dẹ́rù bani bíi tirẹ̀.

Ṣé kí n máa yìnbọn fọ́ gílóòbù?

Nígbà míì. Gílóòbù tó fọ́ kò ní tàn mọ́, ìyẹn dára. Àmọ́ ẹni tó wà nítòsí á gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì dé bá yàrá tó ṣàdédé ṣókùnkùn á mú tọ́ọ̀ṣì jáde tàbí kó ju iná tó ń jó pupa sílẹ̀. Òkùnkùn tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ dá máa ń ní ẹlẹ́rìí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn OCP, nǹkan kékeré tí wọ́n so mọ́ ìbọn pélébé rẹ. Bí o bá fi tọ́ka sí iná tàbí kámẹ́rà, ohun náà á daṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì tún padà bọ̀ sípò. Ẹ̀ṣọ́ á rò pé iná ló ń ṣe ségesège. Ó ń gba àkókò kí OCP náà tó tún ṣiṣẹ́, nítorí náà máa ka ìṣísẹ̀ rẹ: pa kámẹ́rà, kọjá, fara pamọ́, dúró. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ láìdúró á rí i pé kò sí lọ́wọ́ lásìkò tó nílò rẹ̀ jù.

Ojú wo ni kí n lò, nígbà tí wọ́n pọ̀ báyìí?

Awò tí Fisher ń gbé wọ̀ ní oríṣiríṣi ojú. Ojú òru, èyí tó ń ríran nínú òkùnkùn, ló máa pọ̀ jù nínú tìrẹ. Ojú ooru ń fi ara èèyàn hàn láàárín èéfín, ti iná mànàmáná sì ń fi ẹ̀rọ hàn. Èyí tí àwọn tuntun kì í kà sí ni EEV, awò tó ń jẹ́ kí o rí ọ̀nà jíjìn, tó sì ń jẹ́ kí o já wọ inú kọ̀ǹpútà kan láti ibi tí o wà láìfọwọ́ kàn án. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì láàárín yàrá tí iná ń tàn yòò, tí ẹ̀ṣọ́ méjì sì ń ṣọ́? Jókòó lẹ́yìn ògiri, fi EEV kà á. Èmi fúnra mi parí ìdajì géèmù náà kí n tó mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Irinṣẹ́ wo ni kí n gbé lọ?

Kí míṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ẹrù mẹ́ta hàn ọ́: èyí tí Redding, òṣìṣẹ́ Third Echelon kan, dá lábàá, èyí tó wà fún yíyọ́, èyí tó wà fún ìjà. Mú ti Redding ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí o bá ti mọ ilé náà, mú ti yíyọ́. Ti ìjà, mú un lọ́jọ́ tí inú bá ń bí ọ.

Míṣọ̀n wo ló dára jù?

Báǹkì Panama, láìsí àní-àní. Ìsọfúnni ni wọ́n rán ọ wá mú, àmọ́ wọ́n tún ní kí o jí nǹkan kó nínú yàrá owó, kí ó lè jọ pé olè lásán ló wá. Ohun tó mú kó dára ni pé ilé náà kò tì ọ́ sí ọ̀nà kan. Ibi tí o gbà wọlé ń pinnu ìṣòro tí wàá pàdé, lésà inú yàrá owó sì máa ń mú kí èèyàn gbàgbé láti mí. Mo ti ta á tó ìgbà méjìlá, n ò sì tíì gbà á lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Hokkaido ló tẹ̀ lé e lójú mi. Ilé Japan àtijọ́ ni, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà, òjìji ẹ̀ṣọ́ ń hàn lára rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Rántí pé òjìji tìrẹ náà lè hàn. Bákan náà ni àgọ́ aṣọ tó wà ní Peru: o lè fi ọ̀bẹ ya aṣọ náà, kí o gba ibẹ̀ wọlé dípò ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀, torí pé géèmù ti kọ́ wọn pé ògiri ni ògiri.

Èyí tó máa dùn ọ́ ni ilé ìwẹ̀ Tokyo. Níparí rẹ̀, bọ́ǹbù wà, àkókò ń lọ, ohun gbogbo tí géèmù kọ́ ọ nípa sùúrù á sì yí padà sí ọ. Fi ibi tí o dé pamọ́ kí o tó wọ apá yẹn. Ògbójú ò sí níbẹ̀.

Co-op ńkọ́? Ṣé Fisher méjì ni?

Rárá o. Àwọn amí kékeré méjì ni, tí wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́, ìtàn tiwọn sì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Fisher. Lórí Xbox àti kọ̀ǹpútà, míṣọ̀n mẹ́rin ló bá a jáde yàtọ̀ sí ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì wá fi méjì kún un lẹ́yìn náà. Kò pọ̀. Àmọ́ kò tíì sí géèmù míì tó mú mi gbára lé ẹlòmíì báyìí.

Ìdí ni pé ara èkejì rẹ ni àkàbà rẹ. Ó lè dúró kí o gun èjìká rẹ̀ lọ sí òkè. Bó bá dé òkè, ó lè so ara rẹ̀ rọ̀, kí o gun ara rẹ̀ bí ẹni gun okùn. Ọ̀kan lè di okùn mú kí èkejì máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ihò jíjìn. O tilẹ̀ lè gbé e jù gba orí nǹkan kọjá, kó bọ́ lu ẹ̀ṣọ́ tó wà lódìkejì. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì lè fún un lábẹ́rẹ́ kó jí, bó bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ni mo fi kọ́ ọ. Ó ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀, èmi ni mo di okùn mú lókè. Ẹ̀ṣọ́ kan yọ sí mi láti ẹ̀yìn. Bí mo bá ju okùn sílẹ̀ kí n lè jà, ẹ̀gbọ́n mi á já bọ́. Bí mi ò bá jù ú sílẹ̀, àwa méjèèjì lọ nìyẹn. Mo ń pariwo pé, "Bùọ̀dá, ẹ tètè sọ̀!", òun náà ń pariwo pé, "Mò ń bọ̀ nílẹ̀, dì í mú!" Ẹ̀ṣọ́ náà kọjá lọ. Kò rí wa. Ariwo tí àwa ń pa nínú yàrá wa, ọpẹ́ ni pé géèmù náà ò kà á mọ́ tiwa.

Ṣé a lè jọ ta co-op lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo?

Bẹ́ẹ̀ ni, lórí kọ́nsóólù bíi Xbox àti PS2, wọ́n á pín ojú ìwòran sí méjì fún yín. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò ẹ̀rọ tirẹ̀.

Báwo ni Versus ṣe ń lọ?

Ẹgbẹ́ méjì ló wà. Àwọn amí jẹ́ ti Shadownet, àwọn jagunjagun tí wọ́n fowó gbà jẹ́ ti ARGUS. Merc ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí náà èmi náà á pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Amí ń wo ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó lè yọjú wo kọ̀rọ̀ láìfara hàn. Ó ń gun páìpù, ó ń wọ ihò afẹ́fẹ́, ó ń sọ̀ láti àjà. Àmọ́ kò ní ìbọn tó ń pani. Merc ní ìbọn gidi, bọ́ǹbù, tọ́ọ̀ṣì àti ohun tí wọ́n ń dẹ sílẹ̀ tó ń bú gbàù, àmọ́ ohun tó wà níwájú ojú rẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni Versus. Nínú Story, amí ní iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí kí àkókò tó tán, Merc ń ṣọ́ ọ. Disk Hunt jẹ́ ti kíkó díìsìkì jọ. Deathmatch, ẹ pa ara yín. Story ni kí o bá wa ta. Àwọn méjì yòókù wà fún ìgbà tí ẹni kẹrin ò tíì dé.

Mo jẹ́ amí, mo wà nínú òkùnkùn biribiri, wọ́n ṣì ń rí mi. Kí ló fà á?

Torí pé èèyàn ni wọ́n, wọ́n sì ní ojú méjì tí ẹ̀ṣọ́ àdáta ò ní. Ọ̀kan ń fi àmì yí ohunkóhun tó bá ń yára rìn ká. Ó lè jẹ́ pé o wà nínú òkùnkùn, bí o bá sáré, o ti fi ara rẹ sínú àmì náà. Rìn jẹ́jẹ́ tàbí kí o dúró bí òkúta, kò ní rí nǹkan kan. Ojú kejì ń rí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Awò òru tó wà lójú rẹ náà, ẹ̀rọ ni. Bí o bá tàn án, ìwọ ń ríran, àmọ́ òun náà ń rí ọ. Àṣírí àwọn amí tuntun máa ń tú síbẹ̀: wọ́n ti fi àdáta kọ́ ara wọn láti máa gbé awò náà wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pa á. Kọ́ ilé náà sórí kí o lè rìn nínú rẹ̀ láìtan nǹkan kan.

Ohun kejì ni pé bí o bá ti fọwọ́ kan ohun tí o wá ṣe, wọ́n á gbọ́ nípa rẹ̀. Má ṣe é nígbà tí àwọn méjèèjì wà nítòsí. Jẹ́ kí èkejì rẹ fọ́ gílóòbù ní apá kejì ilé, kó ju èéfín, kó ṣe bí òmùgọ̀. Bí Merc kan bá sáré lọ síbẹ̀, àwọn méjèèjì ti pínyà, ẹyọ kan ló kù fún ọ. Amí tó dá nìkan ṣiṣẹ́ nínú Versus kì í pẹ́ láyé.

Mo jẹ́ Merc ńkọ́? Kò sí bí mo ṣe ń rí wọn.

Yéé lé wọn kiri. Ohun tí amí fẹ́ nìyẹn. Ó mọ ihò tí ìwọ ò lè wọ̀, bí o bá lé e, ó máa mú ọ kúrò níbi tó yẹ kí o ṣọ́. Dúró sítòsí ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá bá, fẹ̀yìn ti ògiri, dẹ nǹkan rẹ sí ẹnu ihò afẹ́fẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ìwọ náà máa wo òkè, torí pé amí tó bá já bọ́ lé ọ lórí ti ṣe tán pẹ̀lú rẹ. Kí ìwọ àti èkejì rẹ máa rí ẹ̀yìn ara yín.

Bó bá sì mú ọ, mú un mọ́ra. Bí amí bá gbá Merc lọ́rùn mú láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ lè wọ etí ẹni tó ń ta Merc náà tààrà, bí àwọn méjèèjì bá lo gbohùngbohùn. Ẹni tó kọ́kọ́ mú mi ò pariwo, kò bú mi. Ó kàn sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ létí mi pé, "Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo ti ń tẹ̀ lé ọ." Mo yọ gbohùngbohùn náà kúrò létí, mo sì wo ẹ̀yìn mi nínú yàrá gidi.

Ṣé a ṣì lè ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní?

Ti àdáta kò ní ìṣòro: ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì wà lára àwọn géèmù Xbox àtijọ́ tí Xbox One gbà. Ti àjọta ló le. Wọ́n ti pa Xbox Live, ètò tí wọ́n fi ń jọ ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún géèmù Xbox àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2010. Àwọn tó ṣì ń ta Versus lórí kọ̀ǹpútà máa ń gba ọ̀nà LAN, wọ́n á fi ètò kan so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ bíi pé inú ilé kan náà ni wọ́n wà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó gba kí o ti ní àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ mọ ara yín.

Bí o bá fẹ́ ra ẹ̀dà HD tó jáde lórí PS3 ní 2011, mọ̀ pé kò ní Versus, kò sì ní co-op. Ti Nintendo 3DS náà kò ní in. Ọ̀pọ̀ ló ti rà á tán kí wọ́n tó mọ̀.

Ṣé Blacklist lè rọ́pò rẹ̀?

Ní apá kan. Splinter Cell míì tó jáde lẹ́yìn ni, Ubisoft Toronto ló ṣe é ní 2013, Eric Johnson ló gba ipò Ironside, àwọn kan ò sì tíì dárí jì wọ́n. Ó ń gba ọ́ láyè láti yọ́, láti yọ́ pa, tàbí láti jà, ó sì ń fún ọ ní máàkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn iṣẹ́ tí Grim ń fúnni níbẹ̀ wà fún ẹnìkan ṣoṣo, bí wọ́n bá rí ọ, ó tán. Ti Briggs, amí tó ń bá Fisher ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni méjì nìkan ló lè ṣe é. Spies vs. Mercs, ìyẹn Versus tirẹ̀, ní Classic ti méjì sí méjì, ó sì tún ní èyí tó lè dé mẹ́rin sí mẹ́rin. Classic ló sún mọ́ ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀. Mẹ́rin sí mẹ́rin ti di ọjà.

Ẹni tí a jọ ń ta co-op kì í fara balẹ̀, ó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Fún un ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé ibi tí ẹnì kan ní láti jókòó kó já wọ inú ẹ̀rọ, òun ni kó o ní kó jókòó síbẹ̀, kí ìwọ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ á dí, ojú rẹ̀ á wà lórí nọ́ńbà, kò ní ráyè yọ ìbọn. Bí ẹ bá sì dé ibi tí ọ̀kan ní láti gun èjìká èkejì, ìwọ ni kí o gùn ún. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò lè dá lọ síbì kankan.